Ohun Kan Tí Àwẹ̀ró Kò Sọ Nípa Ìkòkò Èérí

— Ààlọ̀ o!
— Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ̀ o!
— Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ló jọ ohùn ọmọ tó yó. Ẹ sún mọ́ra. Ìwọ Àkànní, yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú eérú, iná kì í mojú ọmọ ẹni. Àlọ́ tí mo fẹ́ pa lálẹ́ òní kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín níbì kan, ẹ tètè rín in, torí ibi tó ń lọ kò dùn.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Àlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró, ìyálé ilé Àlàó, àti adìyẹ kan tó ń jẹ́ Òpìpí.

Nígbà tí adìyẹ ṣì ń sọ̀rọ̀, tí ènìyàn sì ń dá a lóhùn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àlàó. Ìyàwó méjì ló ní. Àwẹ̀ró ni ìyálé. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò bímọ. Ìbídùn ni ìyàwó kékeré. Òun kò tíì pẹ́ rárá, omi ẹsẹ̀ ìyàwó kò tíì gbẹ tán lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó bí Àlàó náà wà nínú ilé, Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ohun tí Ìyá Àgbà bá ti sọ nínú ilé yẹn, abẹ gé e nìyẹn.

Àwẹ̀ró kò bímọ, ṣùgbọ́n ó mọ adìyẹ í sìn. Háà! Bí adìyẹ Àwẹ̀ró bá ń rìn kọjá ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ á máa dún gbì, gbì, gbì. Itan wọn ki pọ̀pọ̀. Bí wọ́n bá ń se ọ̀kan níbẹ̀, àwọn ará ilé kejì á ti máa fi imú jẹ ẹ́. Gbogbo ìlú ló ń yìn ín. Bí ó bá ń kọjá lọ sódò, wọn á ní, "Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ mà dára o!" Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín, á tún gèlè rẹ̀ wé. Ẹni tí kò rí ọmọ gbé pọ̀n, ìyìn yẹn ló ń gbé pọ̀n.

Kí ló ń fún wọn jẹ? Èérí ni o. Èérí ọkà lásán, èyí tó ń ṣẹ́ kù sínú asẹ́ bí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, tí àwọn mìíràn ń dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kì í dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìkòkò ńlá kan lábẹ́ igi ìyeyè lẹ́yìn ilé. Á da èérí sínú rẹ̀, á bu ọkà bàbà mọ́ ọn, á da omi sí i. Ní ọjọ́ kìíní, ìkòkò á dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná nídìí rẹ̀: pọ́, pọ́, pọ́. Ní ọjọ́ kẹta, á ti kan. Òórùn rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé, adìyẹ á máa sáré bọ̀ láti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tan ilẹ̀. Á wá bù ú fún wọn, á ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí tuntun lè tètè kan. Oúnjẹ kíkan yìí, díẹ̀ ló ń tó adìyẹ, ara ni gbogbo rẹ̀ sì ń bá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ló di gbogbo rẹ̀ mú. Omi gbọ́dọ̀ bo èérí mọ́lẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni Àwẹ̀ró fi ń tẹ̀ ẹ́ rì, kí omi ga jù ú lọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Èérí tó bá yọrí sókè omi, bíbu ni yóò bu. Á hu nǹkan funfun bí òwú, nǹkan funfun á di dúdú, ikú adìyẹ sì ni. Èyí tó kan ń bọ́ adìyẹ, èyí tó bu ń pa á. Ẹni tí kò mọ̀, á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, torí àtèyí àtìyẹn ló ń rùn.

Ààlọ̀ o!
— Ààlọ̀!

Ìbídùn lóyún. Inú ilé dùn. Ìyá Àgbà pe Àwẹ̀ró sí yàrá, ó ní, "Àwẹ̀ró, má sunkún mọ́. Ọmọ tó wà nínú ìyàwó rẹ yìí, ẹ̀yìn rẹ ni yóò máa sùn. Bí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú, yàrá rẹ ló ń bọ̀. Ìwọ ni yóò máa pè ní ìyá."

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ìyá Àgbà tún un sọ. Ìbídùn náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa bá mi tọ́ ọ."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹní rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ kò tíì tó àtàǹpàkò nínú ìyá rẹ̀ o, Àwẹ̀ró ti ń fi ọwọ́ gbá àyè rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ìlú wọn ní àṣà kan. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Adìyẹ méje ni wọ́n fi ń sọ àkọ́bí lórúkọ níbẹ̀, ìyá ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sìn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní òròmọdìyẹ. Wọn kì í rà wọ́n. Wọn kì í tọrọ wọn. Ìyá tí kò bá ní adìyẹ méje lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, á gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ náà ni ọmọ á sì ti dàgbà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti pe ọmọ lórúkọ ni ọmọ ń jẹ́ ẹ sí.

Nítorí náà Ìbídùn ra àgbébọ̀ kan. Òpìpí ni àgbébọ̀ yìí, adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ara rẹ̀ hàn síta bí ẹni tó gbàgbé aṣọ sílé. Àwọn adìyẹ Àwẹ̀ró fi í ṣe ẹlẹ́yà títí, ó kàn ń wò wọ́n ni. Ó sàba, ó sì kó ọmọ méjìlá jáde. Méjìlá géérégé!

Ìbídùn lọ bá Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí. Aró ni mo mọ̀, n ò mọ adìyẹ."

Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó fà á dìde. Ó ní, "Ṣé nítorí èyí lo ṣe ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún? Wá. Ọmọ ọwọ́ wọn, ikán ni kí o máa wú fún wọn. Bí wọ́n bá ti ń hu ìyẹ́ apá, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní èérí kíkan." Ó fi bí wọ́n ṣe ń da èérí hàn án. Ó fi bí wọ́n ṣe ń bu ọkà bàbà mọ́ ọn hàn án. Ó ka ọjọ́ mẹ́ta náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá na ọwọ́ sí òkúta pẹlẹbẹ tó rì sábẹ́ omi inú ìkòkò.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan òkúta ni Àlàó ń ti oko bọ̀. Ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré níbi tí eré kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìbídùn, kọ́ ọ dáadáa o! Bí o bá mọ̀ ọ́n tán, adìyẹ tìrẹ á ju ti ìyálé rẹ lọ." Ó sì wọlé lọ wẹ ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró fà padà wẹ́rẹ́.

Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọkọ, àwa méjèèjì la ni ín. Oyún, òun ló ni ín. Adìyẹ nìkan ló kù tí wọ́n fi ń yìn mí. Bí mo bá kọ́ ọ tán lónìí, kí ló kù fún mi lọ́la?"

Ìbídùn ní, "Ṣé ó tán, Ìyálé mi?"

Ó ní, "Ó tán. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, "N óò sọ ìyókù fún un lọ́la."

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n wí. Wọn kò wí ìkòkò èérí. Bí ẹ bá sọ àbọ̀ ìkòkò èérí fún ọmọlúàbí, bó ti wù kó gbọ́n tó, àbọ̀ náà ni yóò máa jẹ́.

Ààlọ̀ o!
— Ààlọ̀!

Oṣù kan kọjá, nǹkan ń lọ dáadáa. Ìbídùn ń wú ikán, òròmọdìyẹ ń jẹ, wọ́n ń fò kiri. Ìyẹ́ apá yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ èérí. Òjò dé. Èérí wú, ó yọrí sókè omi. Nǹkan funfun hù lórí rẹ̀. Ìbídùn ṣí ìkòkò, ó rí i, ó ní, "Ó ti ń kan nìyẹn." Ó rò ó pọ̀, ó bù ú fún wọn.

Mẹ́ta kú. Tóò, tóò, tóò, wọ́n ṣubú sí ẹ̀bá ògiri.

Ìbídùn sáré tọ ìyálé rẹ̀ lọ. "Ìyálé mi, adìyẹ mi kú! Kí ni mo ṣe tí kò dára?"

Wọ́n ń di irun fún Àwẹ̀ró lọ́wọ́, obìnrin tó ń di irun náà sì ń yin adìyẹ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Adìyẹ kì í ṣe aláìkú, ìyàwó. Mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

"Mẹ́sàn-án ṣì ju méje lọ. Lọ sinmi, má da ara rẹ láàmú."

Ìbídùn lọ. Kò pẹ́ tí Òpìpí fi fò sórí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn. Òpìpí ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ Àwẹ̀ró kan nǹkan nínú ìkòkò, ó sì padà. Kò mọ ohun tó jẹ́, torí adìyẹ kò ga tó ẹnu ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é o!

Ìyálé, ìyálé ilé wa,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Méjìlá ni mo kó jẹ̀,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Mẹ́sàn-án ló bá mi wálé,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ọwọ́ yín kan nǹkan, ó padà,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ẹ sọ ọ́ fún Ìbídùn,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ọ̀la jìn, òní ló yá,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!

Ara Àwẹ̀ró bù máṣọ. Ó fẹ́ dìde. Obìnrin tó ń di irun ní, "Jókòó, mo ti dé àárín orí. Ṣé nítorí adìyẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ yìí?" Àwẹ̀ró jókòó padà. Ó ní, "Òpìpí, mo gbọ́. N óò sọ fún un lọ́la."

Ọ̀la dé, ọ̀la kọjá lọ. Kò sọ ọ́.

Oyún Ìbídùn ti ń tóbi. Àwọn adìyẹ mẹ́sàn-án náà ti ń dàgbà, àkùkọ inú wọn ti ń gbìyànjú àtikọ, ohùn kò tíì là. Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin gbáko. Ìkòkò tún bu. Ìbídùn tún rò ó pọ̀.

Méjì kú. Tóò, tóò.

Ìbídùn fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó rọra rìn dé ọ̀dọ̀ ìyálé rẹ̀. "Ìyálé mi, wọ́n tún kú. Ṣé ohun kan wà tí n kò ṣe ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ìkòkò náà."

Ọdún iṣu tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà. Adìyẹ Àwẹ̀ró ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ àwọn àgbà ìlú lọ́dọọdún, ó sì ń ṣa àwọn tó sanra jù lọ́wọ́. Ó ní, "Mélòó ló kù?"

"Méje, mà. Méje péré."

"Ṣé méje kọ́ ni wọ́n ń fẹ́? Ó pé bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ọdún kọjá, n óò wá bá ọ wò ó."

Ẹ gbọ́ o. Ó rọrùn fún un láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju "Gbé òkúta lé e" lọ. Ẹni tó ní iṣu lẹ́nu á lè sọ ọ́ kó tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá ti fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń wúwo ní ẹ̀ẹ̀kejì, torí yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú ń ti Àwẹ̀ró. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, irú ojú yẹn ti tì mí rí, mo sì mọ bí ó ṣe ń di ènìyàn lẹ́nu.

Òpìpí tún dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò fò sókè mọ́.

Ìyálé, ìyálé ilé wa,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Mẹ́sàn-án ni mo kó jẹ̀,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Méje ló bá mi wálé,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ọwọ́ yín kan nǹkan, ó padà,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ẹ sọ ọ́ fún Ìbídùn,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!
Ọ̀la jìn, òní ló yá,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́!

Àwẹ̀ró ní, "Òpìpí, mo gbọ́, má fi orin dá mi lágara. Bí ọdún bá ti kọjá."

Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn àgbà jókòó sí abẹ́ igi odán, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń gé itan adìyẹ Àwẹ̀ró jẹ. Ọ̀rá ń ṣàn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe Àwẹ̀ró síwájú. Wọ́n ní, "Kò sí irú rẹ ní ìlú yìí." Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ó rí Òpìpí tó ń bọ̀ láàárín àwọn ènìyàn, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ń fi apá gbálẹ̀. Òpìpí ti rí i lówùúrọ̀ ọjọ́ náà pé èérí inú ọpọ́n ní nǹkan dúdú lójú. Ó ti sáré jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kó má baà kù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni ikùn adìyẹ kan lè gbà?

Orin rẹ̀ kò dún sókè mọ́. Ẹ rọra gbè é.

Ìyálé, ìyálé ilé wa,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.
Méje ni mo kó jẹ̀,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.
Méjì ló ṣì ń mí,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.
Èmi náà kò ní wálé,
— Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.

Kò parí rẹ̀. Ó ṣubú síwájú Àwẹ̀ró, gbì.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àwẹ̀ró. Ó dìde níwájú àwọn àgbà láì tọrọ àyè, ó sáré. Gèlè já bọ́ lórí rẹ̀, kò dúró mú un. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ inú ìkòkò tirẹ̀, ó gbé e lọ sí ìkòkò Ìbídùn. Márùn-ún ti nà gbalaja sílẹ̀. Méjì dúró sí kọ̀rọ̀, wọ́n so orí kọ́. Ó da èérí náà nù, ó fọ ìkòkò, ó bu èérí tuntun sí i, ó bu omi lé e, ó gbé òkúta lé e. Ó ń pariwo pé, "Ìbídùn! Ìbídùn, wá wò ó! Ohun tó kù nìyí! Ohun tó kù nìyí o!"

Ohùn ọmọ ló dá a lóhùn láti inú ilé. "Ǹgà! Ǹgà! Ǹgà!"

Ìbídùn ti bí obìnrin.

Ààlọ̀ o!
— Ààlọ̀!

Ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ. Àwọn àgbà ilé jókòó. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n kó adìyẹ ìyá ọmọ jáde. Wọ́n kó wọn jáde. Méjì ni. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ tíì lè dúró dáadáa.

Àwẹ̀ró bẹ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó kó adìyẹ tirẹ̀ wọlé ní méjì méjì, ó ń so wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ń tò wọ́n síwájú Ìyá Àgbà. Ogún adìyẹ. Ó ní, "Ẹ gba èyí! Ẹ pa gbogbo rẹ̀! Ẹ fi sọ ọmọ mi lórúkọ!"

Ìyá Àgbà wò wọ́n. Ó ní, "Àwẹ̀ró, adìyẹ rẹ dára, a kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó sin wọ́n kọ́ ni ọwọ́ tó bí ọmọ yìí. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Àwẹ̀ró bá wólẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Mo kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ tán. Òkúta ni. Òkúta ni ó ṣẹ́ kù tí n kò sọ. Ẹ jẹ́ kí ìyà náà jẹ́ tèmi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ."

Ìyá Àgbà bo ojú rẹ̀. Àlàó ń wo ilẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ eré tó sọ lọ́jọ́ tó ń ti oko bọ̀.

Ìbídùn kò bú u. Ìbá sàn kí ó bú u. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní, "Ìyálé mi, mo bi yín. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, mo bi yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé e fún."

Àṣà ni àṣà. Wọ́n di ẹrù Ìbídùn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì sin ín lọ sí ìlú àwọn aláró. Àwẹ̀ró sìn wọ́n dé etí odò. Ó ní kí Ìbídùn jẹ́ kí òun pọn ọmọ náà kọjá odò, ó kéré tán kí ó mọ bí ó ṣe wúwo tó. Ìbídùn gbé e fún un. Ó pọ̀n ọ́n láti etí odò yìí dé etí odò kejì. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó la omi padà sílé. Ẹ wo odò náà o, kò fẹ̀ rárá.

Ọdún méje kọjá. Ìyá Àgbà re ibi àgbà ń rè. Ìbídùn wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Àwẹ̀ró rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa Ìbídùn sí ẹ̀yìnkùlé. Omi ti kún ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ìbídùn, jẹ́ kí n parí rẹ̀ fún ọ. Ọdún méje ni mo fi ń tún un sọ nínú ọkàn mi. Omi gbọ́dọ̀ bo èérí. Òkúta pẹlẹbẹ ni kí o gbé lé e, ìka méjì, kó má yọrí."

Ìbídùn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyálé mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo délé ni mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ń ta ògì lójúde wa ló sọ ọ́ fún mi. N kò tilẹ̀ tíì béèrè tán tí ó fi sọ ọ́. Ó ní ta ni kò mọ èyí? Ọmọ mi gan-an ló ń gbé òkúta náà lé e báyìí."

Àwẹ̀ró jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà yọ sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ní, "Wá kí wọn." Ó wá, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n tọ́. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá. Ẹ kú ọ̀fọ̀." Àwẹ̀ró la ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà wo ọwọ́ náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó dìde, ó sì sá lọ bá àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójúde.

Àlọ́ mi parí síbẹ̀. Ohun tó kọ́ wa ni pé bí ẹ bá ń kọ́ ènìyàn ní nǹkan, ẹ kọ́ ọ tán. Ẹ má fi ohun tí ẹ mọ̀ di ògiri yí ara yín ká, ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni ẹ ó tì mọ́ ìta. Bí ẹnu yín bá sì fẹ́ sọ òótọ́ lónìí, ẹ má sọ fún un pé ó di ọ̀la, torí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Bí mo bá bu irọ́ mọ́ àlọ́ yìí, kí n pe adìyẹ mi lówùúrọ̀ ọ̀la kí ọ̀kankan má dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí gbogbo wọn sáré wá bá mi: kúrú, kúrú, kúrú! Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Àkànní, kí ló dé tí o ń nu ojú?